Àpótí Tó Ń Yí Aago: Ta Ló Nílò Rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì?

Ọjà kan ti ń yọ́ wọ ilé àwọn olówó àti ilé àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Àpótí kékeré ni. Awọ tàbí igi dídán ni wọ́n fi ṣe é, gíláàsì wà lójú rẹ̀, mọ́tò tó ń lo iná sì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé aago ọwọ́ sínú rẹ̀, á máa yí i tọ̀sán-tòru kí aago náà má baà dúró nígbà tí ẹni tó ni ín kò bá wọ̀ ọ́. Wáìńdà ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ẹ̀bùn tó yẹ bàbá tó pé àádọ́rin ọdún ni, ó yẹ olóyè tuntun, ó sì yẹ pásítọ̀ tó ń fẹ̀yìn tì. Kí ará Ẹ̀rìjìyàn, Arámọkọ, Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó tọ́wọ́ bọ àpò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó bi ẹni tó ń tajà náà: kí ló ń ṣe aago tó bá dúró?

Kò sí ohun tó ń ṣe é. Àárẹ̀ kò mú un, kò sì bàjẹ́. Ó ń dúró de apá tí yóò gbé e ni. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní aago ọ̀tọ́mátíìkì ní agbègbè yìí, owó àpótí náà ní ibòmíràn tó yẹ kó lọ, ibẹ̀ sì ni aago wọn yóò ti jèrè.

Ẹni tó bá mọ bí aago yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní pẹ́ rí ìdí rẹ̀. Aago ọ̀tọ́mátíìkì kì í lo bátìrì. Sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká jọ ló ń fún un lágbára. Irin pẹlẹbẹ kan tó wúwo lápá kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Bí ẹni tó wọ aago bá ti ń ju apá, irin yìí á máa yí sọ́tùn-ún sósì, á sì máa ká sípíríǹgì náà. Bí sípíríǹgì bá ti ká dé góńgó, ìdí rẹ̀ á máa yọ̀ lára ilé rẹ̀, kò sí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe lè ju apá tó tí yóò fi já. Bí wọ́n bá wá bọ́ ọ sílẹ̀, agbára tó ti kó jọ ni yóò máa ná. Seiko 5 tó ní ẹ̀rọ 7S26 ń ná tirẹ̀ fún nǹkan bí ogójì wákàtí. ETA 2824-2 ti Switzerland, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago, kò jìnnà sí i. Rolex tuntun tó ní ẹ̀rọ 3235 ń lo nǹkan bí wákàtí 70, nígbà tí Powermatic 80 inú Tissot ń lo 80.

Eruku ló bí aago yìí. John Harwood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún aago ṣe, ṣàkíyèsí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní pé ihò tí kókó tí wọ́n fi ń wáìńdì aago gbà wọnú rẹ̀ náà ni ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin ń gbà wọlé. Ó ní kí òun ṣe aago tí kò ní í nílò kókó rárá, tó jẹ́ pé apá ni yóò máa wáìńdì í. Ní 1924 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Switzerland. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kógbá sílé ní 1931 nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni Rolex gbé Perpetual tirẹ̀ jáde, èyí tí irin inú rẹ̀ ń yí òbíríkítí láìsí ohun tó dá a dúró. Ní 1963, Seiko ti Jàpáàn gbé Seiko 5 dé. Ó ń wáìńdì ara rẹ̀, orúkọ ọjọ́ àti déètì wà lójú fèrèsé kan ṣoṣo, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, kókó rẹ̀ fara pamọ́ síbi tí nọ́ńbà mẹ́rin wà, páànù àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì le. Owó rẹ̀ kò ga ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè san lọ.

Èyí ló bá Èkìtì lára mu. Ilẹ̀ olùkọ́ ni Èkìtì. Láti January 1955 tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ ló ń lu agogo iléèwé, aago ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó dún. Owó kòkó náà wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ tó fẹ́ gbafẹ́. Ní January 1975, nígbà tí ìjọba Gowon san owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ fi ra rédíò, wọ́n fi ra alùpùpù, wọ́n fi ra aago. Àwọn tó lọ sí Mẹ́kà náà ń mú Seiko 5 bọ̀, òmíràn nínú rẹ̀ sì ń fi èdè Lárúbáwá kọ orúkọ ọjọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ra àpótí tí yóò máa yí i. Aago kan ṣoṣo ni olùkọ́ ní. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì, ó wọ̀ ọ́ lọ sóko lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, nígbà tó bá sì bọ́ ọ lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ló ń gbé e sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Aago náà kò ráyè dúró. Àwọn kan ti lo ọ̀kan bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹni tó ní aago ọ̀tọ́mátíìkì kan, tó sì ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, tó wá lọ ra wáìńdà, kò yàtọ̀ sí ẹni tó háyà dírẹ́bà fún ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn nígbà tí aago bá di mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe nísinsìnyí nìyẹn: ọ̀kan fún ibi iṣẹ́, ọ̀kan tó bá góòlù ọrùn mu fún òde, ọ̀kan tí ọmọ fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó bọ́ Seiko rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó wọ aago òde lọ síbi ìsìnkú ní Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá tún mú Seiko náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, yóò bá a tó ń ṣiṣẹ́, apá rẹ̀ á sì máa wáìńdì í lọ. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé rẹ̀ sílé, nǹkan bí aago mẹ́wàá, nígbà tí ìwàásù ń gbóná lọ́wọ́, ni yóò dúró. Àdánù tó wà níbẹ̀ kò ju pé yóò fi ọwọ́ tún un ṣe ní ìrọ̀lẹ́, yóò sì wò ó lára fóònù rẹ̀ kí ó lè bá àkókò mu. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Aago òde ńkọ́, èyí tó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó tún gbé e sọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ wáìńdà ni wọ́n ń tò sí nǹkan bí ìyípo 650 sí 800 lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 13 tí aago náà kò sí lọ́wọ́, mọ́tò yóò yí i ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ìgbà lọ, kí ẹnì kan má baà fi ìṣẹ́jú kan yí kókó lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ṣé ìṣirò yẹn yọrí?

Àwọn tó ń tajà ní èsì kan tó dà bí òótọ́. Wọ́n ní bí aago bá dúró pẹ́, òróró inú rẹ̀ á dì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ fún ayé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé òróró ẹran àti ti ewéko ni wọ́n ń lò. Òróró tí wọ́n ń lò nísinsìnyí, bíi ti Moebius ní Switzerland, inú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni wọ́n ti ń pò ó, kì í sì í dì bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́ ó lè gbẹ, ṣùgbọ́n yóò gbẹ bí aago ń ṣiṣẹ́, yóò gbẹ bí kò ṣiṣẹ́. Yíyí kò sọ ọ́ di tuntun.

Ohun tí wọn kì í sọ ni apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ 7S26 ń lù ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan. Lójúmọ́ kan, ìgbà 518,400 nìyẹn. Láàárín ọdún kan tí kò dúró rárá, ó lé ní mílíọ̀nù 189. Gbogbo lílù yẹn, irin ń fara gbo irin ni. Aago tó wà lọ́wọ́ ènìyàn ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹni tó ń wò ó. Èyí tó wà nínú àpótí ń ṣe é fún ògiri. Ẹ̀rọ tó dára lè fara dà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wáìńdà gidi yóò ba aago jẹ́. Síbẹ̀, kò sí bí a ṣe lè pe iṣẹ́ tí kò ní ìdí ní ìtọ́jú.

Wáìńdà gidi gan-an kò wọ́pọ̀. Èyí tó dára máa ń yí díẹ̀, á sinmi, á tún yí, wọ́n sì lè tò ó kó yí sọ́tùn-ún, sósì tàbí síhà méjèèjì. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo aago ló ń wáìńdì síhà méjèèjì. Seiko ń ṣe é, ó ti ní ọ̀nà àrà kan láti 1959 tó fi ń lo ìyípo ọ̀tún àti tòsì. Valjoux 7750, tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá bíi ti eré ìje, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wáìńdì sí. Ẹni tó bá tò ó sódì yóò rí aago tó ń jó láti àárọ̀ dalẹ́ tí yóò sì dúró níkẹyìn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sinmi, wọn kì í sì í bìkítà ìhà tí aago ń fẹ́. Òmíràn kò bo mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mágínẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀tá aago. Ó lè mú kó máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńlẹ̀. Kì í ṣe pé wáìńdà ń jẹ iná púpọ̀, ohun tó ń jẹ kéré sí ti gílóòbù. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni ìṣòro. Ní 2024, àwọn wáyà ńlá tó ń pín iná káàkiri Nàìjíríà dákẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ṣókùnkùn. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì ní Ẹ̀rìjìyàn, wáìńdà yóò dúró, ogójì wákàtí aago yóò pé, aago náà yóò sì dúró nínú àpótí olówó gọbọi. Nígbà tí iná bá tún dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ṣájà rẹ̀ lè jó. Ẹni tó bá ní sólà tàbí tó ń ra bátìrì sí i lè bọ́ nínú èyí, àmọ́ owó mìíràn tún nìyẹn. Ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ nítorí aago?

Iye rẹ̀ wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Wolf, tó ti ń ṣe àpótí ohun ọ̀ṣọ́ láti 1834, wà lára àwọn tí wáìńdà wọn lórúkọ. Èyí tó gba aago kan ṣoṣo lára tiwọn ju 200 dọ́là lọ. Bí wọ́n bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 300,000 náírà ni 200 dọ́là. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó oṣù mẹ́rin kò tó o. Seiko 5 tuntun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ìyẹn lọ. Kí ènìyàn fi owó tó tó ra aago ra ibi tí aago yóò máa sùn, ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń pa aago ní agbègbè yìí kì í ṣe dídúró. Òógùn ń pa á, ọ̀rinrin àsìkò òjò ń pa á, eruku ọyẹ́, irú ìdọ̀tí tó gbé Harwood dìde, náà ń pa á. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn aago àti nídìí kókó rẹ̀ ló ń dí ọ̀nà mọ́ wọn, rọ́bà yìí sì máa ń gbó. Ìkògòsì kò jìnnà sí Ẹ̀rìjìyàn. Àwọn tó wá wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò. Omi náà gbóná tó nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní orísun rẹ̀. Seiko fúnra rẹ̀ sọ pé aago rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ 4R36 kò ní yá ju ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ tàbí kó falẹ̀ ju 35 lọ lójúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí ooru bá wà láàárín 5 sí 35. Omi gbígbóná ń mú kí rọ́bà àti irin fẹ̀, bí rọ́bà bá sì ti gbó, omi ti ráyè wọlé nìyẹn. Ìkùukùu tí wọ́n ń rí lábẹ́ gíláàsì lọ́jọ́ kejì, kò sí wáìńdà tó lè yí i jáde.

Ibẹ̀ ni owó ti yẹ kó lọ. Omega ní kí wọ́n máa tú aago òun palẹ̀ fún fífọ̀ àti fífi òróró tuntun sí i láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Rolex ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Mélòó nínú àwọn Seiko tí àwọn bàbá fi sílẹ̀ ní ilé Ìjerò àti Arámọkọ ni ẹnikẹ́ni ti ṣí láti ogún ọdún? Aago tí kò rí òróró láti ìgbà náà, wáìńdà ni yóò tètè parí ayé rẹ̀, nítorí pé yóò máa lọ irin gbígbẹ mọ́ irin gbígbẹ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó fẹ́ràn irú aago bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ aago tó mọṣẹ́ ni kó gbé e lọ, ì bá à jẹ́ pé Adó-Èkìtì tàbí Èkó ni yóò ti rí i.

Ṣé kò wá sí ẹni tí wáìńdà yẹ ni? Ó wà. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ní aago tí kàlẹ́ńdà rẹ̀ mọ oṣù tó ní ọjọ́ 30, tó mọ èyí tó ní 31, tó sì mọ ọdún tí February ní ọjọ́ 29. Irú èyí tí IWC ṣe jáde ní 1985 mọ gbogbo rẹ̀ láìsí pé wọ́n fọwọ́ kàn án títí di 2100. Bí irú aago bẹ́ẹ̀ bá dúró fún oṣù mẹ́ta, títò ó padà gba sùúrù, àṣìṣe kékeré sì lè ṣẹ́ eyín inú rẹ̀. Aago tó ń fi bí oṣù ṣe ń lé hàn náà wà lórí ìlà yìí. Ìkejì ni àgbàlagbà tí oríkèé ìka ń dùn, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí kò lè di kókó kékeré mú. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá ní aago méjì tó fẹ́ràn, kí ọmọ ra wáìńdà gidi fún un, kí ó sì rí i pé ó ní bátìrì. Ìtura ni ìyẹn jẹ́, kì í ṣe fáàrí.

Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ohun mìíràn láti rò. Láàárín 2022 sí 2023, ọlọ́pàá ìlú náà rán àwọn tiwọn jáde nínú aṣọ aráàlú, pẹ̀lú aago olówó ńlá lọ́wọ́, láti fi mú àwọn tó ń já aago gbà ní Soho àti Shoreditch. Nígbà tí nǹkan bá ti rí báyìí, àpótí onígíláàsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀, tí aago mẹ́rin ń yí nínú rẹ̀ ní pálọ̀, ń fi ọ̀nà han olè ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yàtọ̀ ní Èkó, kò yàtọ̀ ní Adó.

Fún àwọn yòókù, bí wọ́n ṣe ń jí aago tó ti sùn kò le. Bí ó bá ní ẹ̀rọ 4R36 tàbí irú rẹ̀, kí wọ́n yí kókó ní ìgbà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tó. Bó bá jẹ́ 7S26 àtijọ́ ni, kókó rẹ̀ kì í wáìńdì. Kí wọ́n mì í jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e sọ́wọ́. Kí wọ́n má ṣe fi kókó sáré yí déètì nígbà tí aago bá wà láàárín mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí, nítorí àsìkò yẹn ni eyín tó ń gbé déètì ti fẹnu kora. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ aago lọ síbi mẹ́fà, kí wọ́n yí déètì, kí wọ́n tó tò ó sí àkókò tó yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Houston, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Èkó, tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa mú bọ̀ wálé fún bàbá nígbà ọdún, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago tó ní àti bó ṣe ń wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ Seiko kan tàbí méjì ni, ẹ fi wáìńdà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ san owó kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró àti rọ́bà tuntun sí i, kí ẹ sì dá a padà fún un kó máa wọ̀ ọ́.